Ẹ̀ẹ̀kan lẹ sanwó, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàálù méjì ni mo fẹ́ wọ̀ dé ibi tí mò ń lọ, ti ilé iṣẹ́ kan dé àárín ọ̀nà, ti ilé iṣẹ́ míì láti ibẹ̀ lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sanwó, kóòdù kan náà ni wọ́n sì fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń sọ pé ìyẹn ò ní kó jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà mí ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ̀gbọ́n yín sọ, ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Pé ẹ sanwó lẹ́ẹ̀kan kọ́ ló ń sọ ọ́ di tíkẹ́ẹ̀tì kan, kóòdù yẹn náà kọ́, torí ti búkìn nìyẹn, ìyẹn àyè tí wọ́n bá yín dì mú, tíkẹ́ẹ̀tì méjì lè jókòó sínú búkìn kan ṣoṣo kẹ́ ẹ má mọ̀. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ ṣí ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ máa rí nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ fígọ̀ 13, mẹ́ta tó ṣíwájú nínú ẹ̀ ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó já tíkẹ́ẹ̀tì yẹn: 220 ni ti Lufthansa, 071 ni ti Ethiopian, 176 ni ti Emirates. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà ló gbé bàálù méjèèjì, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì méjì lẹ rà yẹn o. Àfi tí bàálù inú ìrìn àjò yín bá ju mẹ́rin lọ, torí mẹ́rin péré ni tíkẹ́ẹ̀tì kan ń gbà, ìyókù á bọ́ sórí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ò burú.

Kí ló wá fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn báyìí? Ojú mi ti rí i ni. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo fọwọ́ ara mi rà nígbà kan, wákàtí méjì àbọ̀ ni mo fi sáàárín, mo rò pé ó ti pọ̀ jù pàápàá. Bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó gbéra, a balẹ̀, mo tún ní láti jáde lọ dúró de ẹrù mi níbi béẹ́lítì tó ń yí, gbogbo èèyàn gbé tiwọn tán kí tèmi tó yọ, ni mo bá sáré dé kántà ilé iṣẹ́ kejì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní wọ́n ti tì í, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé mi ò yọjú. Mo ní bàálù tó gbé mi wá ló pẹ́. Ó ní, "Bàálù wo?" Kò sì parọ́, kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó fi hàn pé mo wọ bàálù kankan kí n tó débẹ̀, lójú tiẹ̀ ilé ni mo ti ń bọ̀. Bí owó ṣe lọ nìyẹn, àtipadà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kejì náà sì lọ.

Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan ni, àwọn ló máa wá bàálù míì fún mi láìgba kọ́bọ̀. Ìdí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ti jọ fọwọ́ síwèé, interline ni wọ́n ń pè é, pé èmi á gba tíkẹ́ẹ̀tì tíwọ já, ìwọ náà á gba tèmi, a ó sì máa gbé ẹrù fúnra wa. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù jọ dá sílẹ̀, Star Alliance ti 1997, oneworld ti 1999 àti SkyTeam ti 2000, orí irú àdéhùn báyìí ni wọ́n dúró lé. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ, pé ilé iṣẹ́ méjì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ò lè sọ tíkẹ́ẹ̀tì méjì di ọ̀kan.

Ní Yúróòpù ó tiẹ̀ tún ní òfin lẹ́yìn. Òfin 261 ti 2004 ni, tẹ́ ẹ bá gbéra látibẹ̀, tẹ́ ẹ fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an, wọ́n lè san tó 600 yúrò fún yín, àyàfi tó bá jẹ́ nǹkan tó kọjá agbára wọn ló fà á, bí ojú ọjọ́ tó burú. Ní 2019 àwọn kan gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ àgbà wọn, Prague ni wọ́n ti gbéra lọ Bangkok, wọ́n pààrọ̀ bàálù ní Abu Dhabi, bàálù kejì tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ míì ló pẹ́ ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Ilé ẹjọ́ ní torí pé búkìn kan ni, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé wọn ní Prague náà ni wọ́n lè bi.

Ọ̀rọ̀ físà náà ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì méjì máa ń mú kéèyàn wọ ìlú tó wà láàárín lọ gbé ẹrù, tẹ́ ò bá ní físà ibẹ̀, kántà àkọ́kọ́ ni wọ́n á ti dá yín padà. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò yín kó tó wọlé lọ, lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá pápákọ̀ ìlú tẹ́ ẹ ń bọ́ sí gbẹ̀yìn mọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà ló yàtọ̀, níbẹ̀ ẹ sábà máa gbé e ní pápákọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí, kẹ́ ẹ tún fà á lé wọn lọ́wọ́, kódà tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rà, ẹ lọ sórí sáìtì ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà gan-an, tàbí kẹ́ ẹ sọ fún ẹ́jẹ́ǹtì kedere pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan lẹ fẹ́ ẹ. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí self-transfer, ìyẹn ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé ara yín àti ẹrù yín dé ìdí bàálù kejì, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni o, ìlérí yòówù tí sáìtì yẹn bá ṣe, tiẹ̀ ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ bàálù.

ÌBÉÈRÈ: Tíkẹ́ẹ̀tì kan lèmi rà, ẹrù mi ò dé. Ilé iṣẹ́ bàálù àkọ́kọ́ ní kí n lọ bá ìkejì, ìkejì ní kí n lọ bá àkọ́kọ́. Ta ni mo fẹ́ mú?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó ń dun èèyàn gan-an. Èyí tó gbé yín dé gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ bá, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kúrò níbi ẹrù. Àdéhùn Montreal ti 1999, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ìrìn àjò bàálù, fún yín láyè láti mú àkọ́kọ́ tàbí ìkẹyìn, tàbí ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó lè ní kò kan òun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, ẹnu lásán ò tó: ọjọ́ 7 lẹ ní tó bá bàjẹ́, ọjọ́ 21 tó bá pẹ́ dé, látọjọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi bàálù àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí n kàn lọ wọ ìkejì níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dán an wò. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tẹ́ ò bá ti wọ àkọ́kọ́, wọ́n á fagi lé gbogbo èyí tó kù. Ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n bá yín yí i.