Àwọn wo ló kọ́kọ́ fi bàlúùnù afẹ́fẹ́ gbígbóná fò láìsí okùn tó so ó mọ́lẹ̀?

Àwọn ará Faransé méjì ni: Pilâtre de Rozier àti Marquis d'Arlandes. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ọdún 1783, wọ́n gbéra ní Paris, wọ́n sì lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lókè. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Montgolfier, tí ìdílé wọn ń ṣe bébà, ló ṣe bàlúùnù náà. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti kọ́kọ́ fi àgùntàn, pẹ́pẹ́yẹ àti àkùkọ gòkè ní Versailles níṣojú Ọba Louis Kẹrìndínlógún. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ti Gonesse ló yà mí lẹ́nu jù: ní oṣù Kẹjọ, bàlúùnù onígáàsì tí Jacques Charles ṣe já sí abúlé náà, ẹ̀rù sì ba àwọn ará ibẹ̀ débi pé wọ́n fi irinṣẹ́ oko fà á ya.