Ẹ Bi Wá: Ọkọ̀ Rọ́bà Lórí Omi Ríru, Oorun Nínú Igbó Kìjikìji

Àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ lórí ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lórí odò tó ń ru gba àárín igbó kọjá: ọ̀sán lórí omi, alẹ́ nínú àgọ́ létí odò. A mú àwọn tó jọra pọ̀.

Wọ́n ní odò tí a fẹ́ lọ wà ní "ìpele 3 sí 4". Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìyẹn ṣe le tó fún ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí? (B. A.)

Ìpele mẹ́fà ni àwọn atukọ̀ káríayé pín omi ríru sí. Ní ìpele 1, omi kàn ń sàn geere ni. Ní ìpele 3, ìgbì á máa bu wọnú ọkọ̀, ọ̀nà á há láàárín àpáta, ẹ óò sì wà á gidi. Síbẹ̀, ẹni tó bá já sómi sábà máa ń fúnra rẹ̀ wẹ̀ dé ẹ̀bá. Ìpele 4 yàtọ̀. Omi ibẹ̀ lágbára, atukọ̀ á so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀bá, á gun àpáta lọ wò ó kó tó wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì já síbẹ̀ lè nílò kí wọ́n fi okùn fà á jáde. Ìpele 5 kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìpele 6, àwọn ọ̀gá gan-an kì í sábà dán an wò. Odò Pacuare ní Costa Rica, tí àwọn àlejò máa ń gbà fún ọjọ́ 2 tàbí 3, wà láàárín 3 sí 4 bíi tiyín.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọkàn lé nọ́ńbà nìkan. Ìwọ̀n omi kan ni wọ́n fi ń wọn ìpele. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè lóru, odò ìpele 3 àná lè di 4 lónìí. Tí ibẹ̀ bá sì jìnnà sí ọ̀nà mọ́tò àti ilé ìwòsàn, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi ìpele kan kún un nínú ìṣirò wọn, torí pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kán níbẹ̀ lè lo odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi àwọn tó fẹ́ gbé yín lọ ni pé: "Tí omi bá kún dé ibo ni ẹ kì í wọ odò yìí?" Atukọ̀ gidi á tọ́ka sí àpáta kan, tàbí àmì kan lára òpó afárá. Ẹni tó bá ní kò síbi tí omi kún dé táwọn ò ní lọ, ẹ má bá a lọ.

Ẹ̀rù ń bà mí pé kí rọ́bà náà má lọ bẹ́ lórí àpáta. Ṣé kì í rì ni? (Ìyá Ìbejì)

Ó ṣòro kó rì, mà. Ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 16 ni wọ́n sábà ń lò fún èèyàn 6 àti atukọ̀ kan. Rọ́bà ńlá tó yí i ká ní ògiri nínú, tó pín in sí yàrá afẹ́fẹ́ tó dá dúró, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọ̀kan bá ya, àwọn tó kù á gbé ọkọ̀ léfòó. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà kún fún afẹ́fẹ́. Okùn ni wọ́n fi dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́, àwọn ihò etí ibẹ̀ sì ni omi tó bá bu wọlé ń gbà jáde.

Ohun tí a bẹ̀rù jù fún ọkọ̀ ni oòrùn. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í ju bíi 2.5 psi (ìwọ̀n tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) lọ. Tí wọ́n bá gbé e sórí iyanrìn lọ́sàn-án láti jẹun, afẹ́fẹ́ yẹn á gbóná, á wú, ògiri inú lè já. Kí wọ́n tú díẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ìdajì ọkọ̀ sílẹ̀ nínú omi, kí wọ́n sì máa da omi sí i lára. Nígbà tó bá padà sómi tútù, á rọ̀, pọ́ǹpù lókù. Ọkọ̀ tó rọ̀ kì í gbọ́ ti àjẹ̀, ó sì máa ń ká mọ́ àpáta.

Tó bá wá ya lóòótọ́, ibi tó ya gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin. Ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ gé rọ́bà tó fi nǹkan bíi 5 cm kọjá ẹnu ibẹ̀ yíká, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì dúró títí kò fi ní bá ìka wá mọ́ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é. Lálẹ́, ọ̀rinrin igbó kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbé gọ́ọ̀mù sún mọ́ iná láti fi gbẹ ẹ́.

Bí mo bá já sínú omi ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. (K. O.)

Ó dáa, ṣùgbọ́n omi ríru ní ìwẹ̀ tirẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹ kọ ẹsẹ̀ síbi tí omi ń lọ, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ sókè. Ẹsẹ̀ lẹ óò fi máa ti àpáta. Ẹ mí nígbà tí ẹ bá wà ní kòtò ìgbì, kì í ṣe nígbà tí ìgbì bá bò yín lórí. Ẹ má dìde dúró nínú omi tó bá ju orúnkún lọ tó ṣì ń sáré: ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, omi á tì yín dojú bolẹ̀, life jacket (aṣọ tó ń gbé èèyàn léfòó) kò sì lè gbé yín dìde mọ́. Omi tí kò jìn ló ń fi ọ̀nà yìí pa èèyàn.

Nínú igbó, igi tó wó sódò ló léwu jù. Omi tó bá kọlu àpáta máa ń ṣẹ́rí padà, ó sì máa ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti igi kò rí bẹ́ẹ̀. Omi á gba àárín ẹ̀ka kọjá, á fi èèyàn sílẹ̀ bí asẹ́ ṣe ń fi èérí sílẹ̀, á sì máa tì í mọ́ ibẹ̀. Gbogbo ìkún omi ló ń gbé igi tuntun wá, nítorí náà atukọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ ṣì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ wo kọ́nà tí kò rí òpin rẹ̀. Bí omi bá ń gbé yín lọ bá igi, ẹ yí dojú bolẹ̀ kíá, ẹ wẹ̀ kíkankíkan kúrò lọ́nà rẹ̀. Tí kò bá ṣeé yà fún mọ́, ẹ dojú kọ ọ́, kí orí ṣáájú, kí ẹ sì fi gbogbo agbára gun orí igi náà. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣáájú níbí.

Tí ọkọ̀ bá dojú dé bò yín, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ máa fi ọwọ́ tọ ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sí apá kan ṣoṣo, ẹ óò jáde. Tí wọ́n bá ju okùn sí yín, ẹ dì í mú sí àyà, kó gba èjìká kọjá, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń fà á. Ẹ má wé e mọ́ ọwọ́ láéláé.

Kí ẹ tó kúrò lébùúté, ẹ ní kí ẹnìkan di èjìká life jacket yín mú, kó fà á sókè. Tó bá gun dé etí, kò tíì fún tó. Lórí ọkọ̀, ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ kúrò lórí àjẹ̀ níbi tó ti dà bíi T. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, eyín ẹni tó jókòó tì yín ló máa lọ bá.

Ọkọ mi ní ejò ni ká máa ṣọ́ níbi tí a ó sùn. Èmi ní òjò ni. Ta ló jàre? (A. F.)

Ẹ̀yin lẹ jàre. Ti ejò kò le: ẹ ti àgọ́ pa, ẹ gbọn bàtà láàárọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání lóru. Òjò ni ọ̀rọ̀ wà.

Òjò tó máa lé yín kúrò lórí ẹní lè má kan orí yín rárá. Lókè odò ló ti máa rọ̀, ìràwọ̀ á wà lójú ọ̀run lọ́dọ̀ yín, odò á sì máa gòkè. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ wo àwọn igi etí odò. Ewé gbígbẹ àti pàǹtí tó há sórí ẹ̀ka, ibẹ̀ ni omi kún dé gbẹ̀yìn; òkè rẹ̀ ni kí ẹ sùn. Iyanrìn funfun tí koríko kò hù lórí rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n omi ló ni ín. Ẹ má sùn sí erékùṣù àárín odò. Ẹ wo òkè orí yín náà, nítorí ẹ̀ka tó ti kú lè já lu àgọ́.

Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ létí omi gan-an, ẹ fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára. Ẹnikẹ́ni tó bá jí lóru kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí omi bá di àwọ̀ ilẹ̀, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a bọ̀, tàbí tí ìró odò yí padà, ẹ jí gbogbo èèyàn. Kí ẹ tó sùn, ẹ ti fa ọkọ̀ sókè, ẹ ti so ó mọ́ igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo ẹrù sì ti wà nínú àpò. Ọkọ̀ tí omi bá gbé lọ lóru, ẹsẹ̀ lẹ óò fi jáde nínú igbó.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí odò ṣì kún, ẹ jókòó. Odò inú igbó tó yára kún sábà máa ń yára fà. Nítorí èyí ni kí ẹ fi di oúnjẹ ọjọ́ kan lé e, ìgbà tí ẹni tó ń sanwó bá sì ń kánjú, kí atukọ̀ má dá a lóhùn.

Báwo ni aṣọ àti fóònù kò ṣe ní tutù? (Ọmọ Ẹgbẹ́ Òǹkàwé)

Ẹ kó wọn sínú àpò tí omi kì í wọ̀, ẹ ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ká ẹnu rẹ̀ ní ìgbà 3 ó kéré tán, ẹ tì í bọ inú àpò mìíràn, ẹ fi bẹ́líìtì dì í mọ́ ọkọ̀. Fóònù àti oògùn wọ àpótí líle. Òwú kì í tètè gbẹ, ẹ má kó o.

Oògùn wo ni ká kó dání, báwo la ó sì ṣe dènà àìsàn? (T. J.)

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹsẹ̀ tó bá rin sómi látàárọ̀ dalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta á funfun, á bó, kòkòrò á wọlé. Ẹ ní ìbọ̀sẹ̀ kan tí kò gbọdọ̀ fojú kan odò. Inú àgọ́ nìkan lẹ óò ti máa wọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu ẹsẹ̀ gbẹ tí ẹ sì ti fi páúdà sí i.

Omi mímu: ẹ fi alum rọ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ sè é kó hó fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, tí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú 3. Ẹ gbẹ́ kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ jìn tó 15 sí 20 cm, kó jìnnà sódò tó mítà 60.

Ẹ rí dókítà kí ẹ tó lọ, nípa oògùn ibà ẹ̀fọn, kí ẹ sì bi í nípa leptospirosis, àrùn tí ìtọ̀ eku àti ẹranko ń kó sínú omi. Ó ń gba ojú ọgbẹ́ àti ẹnu wọlé, pàápàá lẹ́yìn ìkún omi. Tí ara yín bá gbóná láàárín ọjọ́ 2 sí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ìrìn àjò, tí orí ń fọ́ yín, tí ojú pọ́n, tí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti gbé omi odò inú igbó mì, nítorí bí wọn kò bá mọ̀, ibà nìkan ni wọ́n máa tọ́jú.