Ajá Àgbà Tí Kò Jẹ́ Kí Ilé Sùn

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ajá wa, Bingo, ti pé ọmọ ọdún 12. Akọ ni, Alsatian tó ní ẹ̀jẹ̀ ajá ìbílẹ̀ lára. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, kì í sùn lóru mọ́. Á máa rìn yí ọgbà ká, á máa hu, nígbà mìíràn á kọjú sí ògiri, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń bínú. Ọ̀gbẹ́ni tó ni kẹ́míìsì àdúgbò wa ní kí n máa fi ààbọ̀ Valium sínú oúnjẹ rẹ̀. Mo ti lò ó fún òru mẹ́rin, ńṣe ló ń burú sí i. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn oorun wo ló dára fún ajá, hóró mélòó ni kí n sì fún un? (Ìyá Bingo, Àpẹtẹ̀, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àìsùn o, Ìyá. Ti yín kọ́ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi. Láti Bódìjà dé Mọ́níyà, ibì kan náà ni gbogbo yín ń parí ọ̀rọ̀ sí: oògùn oorun wo, hóró mélòó? Mi ò ní dárúkọ oògùn oorun kankan, mi ò sì ní ka hóró fún yín. Bí mo bá ṣe é, mo ti ṣe ohun tí ọ̀gbẹ́ni kẹ́míìsì ṣe nìyẹn: mo ti tọ́jú ajá tí n kò fojú rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ẹ ní Bingo kì í sùn. Ẹ yọjú sí i láago méjì ọ̀sán ọ̀la. Ẹ ó bá a níbi tó nà gbalaja sí, ẹ ó pè é tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó gbórí sókè. Ó ń sùn. Ọ̀sán ló ń sùn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń sin ajá nílùú yìí kò pamọ́: ilẹ̀ á mọ́, a ó há a mọ́ ilé ajá, alẹ́ á lẹ́, a ó tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ọgbà. Láti kékeré ló ti ń ṣe ọdẹ òru fún yín. Pé ajá là ojú lóru kì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni pé ìrìn rẹ̀ ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, á yí ọgbà ká, á gbó ẹni tó bá ń kọjá, á padà wá dùbúlẹ̀ lẹ́nu géètì. Nísinsìnyí ó ń rìn láìní ibi tó ń lọ, ó ń hu nígbà tí kò sí ohun tó ń kọjá, ó ń kọjú sí ògiri. Ìyàtọ̀ yẹn la ní láti wá ìdí rẹ̀.

Wàyí o, Valium. Àwa náà ń lò ó. Bí gìrì bá gbé ajá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí a máa fi gbé ajá àgbà sùn lálaalẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Iṣẹ́ oògùn yìí ni kó dẹ ọpọlọ àti iṣan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ á tún rọ sí i, ajá á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, bí gọ́tà bá sì wà nítòsí, á já sí i. Ọpọlọ tó ti ń gbàgbé ọ̀nà á tún ṣókùnkùn sí i. Àwọn ajá mìíràn wà tí kì í tù lára rárá. Ńṣe ni yóò gbòdì lára wọn: wọ́n á máa sáré kiri, wọ́n á máa pariwo, wọ́n tilẹ̀ lè bu ọmọ ilé jẹ. Ó jọ pé irú ìyẹn ló dé bá Bingo tí ẹ fi ní ó ń burú sí i.

Ohun kan tún wà tí ọ̀gbẹ́ni kẹ́míìsì kò mọ̀, torí èèyàn ló ń ta oògùn fún, kì í ṣe ajá. Lára èèyàn, Valium lè lo ọjọ́ kan sí méjì kó tó dín sí ìdajì. Lára ajá, bíi wákàtí mẹ́ta péré ni. Ẹ fún un láago mẹ́sàn-án alẹ́. Kí òru tó jìn, agbára rẹ̀ ti ń lọ, ajá ti dìde. Ẹ ó rò pé ó kéré ni, ẹ ó sọ ààbọ̀ di odidi, ẹ ó sọ odidi di méjì. Bí ẹ̀dọ̀ ajá náà bá wá ti ń ṣàìsàn, oògùn kò ní tètè jáde lára rẹ̀ bó ti yẹ, á máa kó jọ. Èwo ni ti Bingo nínú méjèèjì? Kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ̀ ọ́n.

Wọ́n gbé abo ajá kan wá láti Bódìjà, ọmọ ọdún 11. Oṣù kan gbáko ni wọ́n ti ń fún un ní oògùn oorun. Ilé ti parọ́rọ́, inú onílé dùn. Àìlèdìde láàárọ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e wá. Nígbà tí mo fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀, igbe tó ké mú kí ẹni tó gbé e wá bú sẹ́kún. Oríkèé itan rẹ̀ méjèèjì ti jẹ tán. Ìrora ló ń gbé e rìn kiri lóru: bó bá dùbúlẹ̀ sórí simẹ́ńtì tútù, oríkèé á gan, á dìde, bó bá dìde, á rẹ̀ ẹ́, á tún dùbúlẹ̀. Oògùn oorun kò mú ìrora yẹn kúrò. Ẹnu rẹ̀ ló pa mọ́ fún odidi oṣù kan. Mi ò tíì gbàgbé igbe yẹn, òun ló sì fà á tí mo fi ń le mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yín.

Torí náà, ìrora ni mo máa ń kọ́kọ́ wá lára ajá àgbà tí kì í fara balẹ̀ lóru. Ìyẹn kò wá ní kí ẹ sáré lọ ra oògùn ara ríro. Diclofenac àti ibuprofen tí àwa èèyàn ń gbé mì bí ẹ̀pà lè dá egbò sí inú ajá, wọ́n sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe. Oògùn ìrora ti ajá wà lọ́tọ̀, a kì í sì í fún un láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ìrora, omi. Ẹ wọn omi tí Bingo ń mu láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Pure water ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí ọ̀rá kan jẹ́ 50cl. Ká ní ó wọn kílò 25, bó bá ń mu ju ọ̀rá márùn-ún lọ lójoojúmọ́, àìsàn wà níbẹ̀: kíndìnrín, ìtọ̀ ṣúgà, tàbí òmíràn tí àyẹ̀wò yóò fi hàn. Kíndìnrín a máa fara dà á fún ìgbà pípẹ́. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ yóò ti bàjẹ́ kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí omi lásán. Ajá tó mu omi púpọ̀ ní láti tọ̀. Bí wọ́n bá sì há a mọ́, á hu. Ẹ má gbé omi kúrò níwájú rẹ̀ lálẹ́ nítorí kó má baà tọ̀ sílẹ̀ o! Ajá tí kíndìnrín ń dà láàmú, tí a tún fi òǹgbẹ kún un fún, lè kú. (Ẹ̀yin tí ajá yín jẹ́ abo, tó sì wá akọ ní oṣù kan tàbí méjì sẹ́yìn: bó bá ń mu omi jù, tí kò jẹun, ẹ má dúró dọ̀la. Ọyún lè ti kún ilé ọmọ rẹ̀.)

Bó bá ń wúkọ́ nígbà tó bá dùbúlẹ̀, ọkàn la ó yẹ̀ wò. Aràn kan wà tí ẹ̀fọn ń kó ran ajá, tó ń gbé inú ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Mi ò lè fo dìgbòlugi. Bí ìwà ajá bá yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, tàbí tó ń bu ohunkóhun tó bá rí jẹ, pàápàá bí kò bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lásìkò, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe dókítà ẹranko. Oṣù méjì tí Bingo ti wà lẹ́nu èyí jìnnà sí i, torí ajá tí dìgbòlugi bá ti hàn lára rẹ̀ kì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́wàá láyé. Síbẹ̀, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání.

Bí a bá wá gbogbo èyí tì, ìgbà náà ni a ó tó sọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ajá a máa ṣarán bí èèyàn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amyloid a máa kó jọ sínú ọpọlọ ajá àgbà, bó ti ń kó jọ nínú ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn tí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ṣàlàyé ní 1906. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001, 28 nínú 100 ajá ọlọ́dún 11 sí 12 ló ti ní ó kéré tán àmì kan. Nínú àwọn ọlọ́dún 15 sí 16, 68 nínú 100 ni. Ajá á há sí kọ̀rọ̀, á gbàgbé bí wọ́n ti ń padà sẹ́yìn. Á dúró síbi ìdè ilẹ̀kùn dípò ẹnu rẹ̀. Á tọ̀ síbi tí kò tọ̀ sí rí. Ọ̀sán á di òru fún un. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé iwin ló ń rí lára ògiri yẹn. Ìyá, ó ti gbàgbé bí yóò ṣe yí padà ni. Ẹ lọ dì í mú jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ yí i kúrò níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń fi orí ti ògiri gan-an, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìyẹn, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà.

Kò sí oògùn tó ń mú arán yìí kúrò pátápátá. Selegiline, tí àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ajá tó ń ṣarán ní 1998, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹ má wá a fúnra yín. Kò gbọdọ̀ pàdé tramadol, kò sì gbọdọ̀ pàdé amitraz, èyí tó wà nínú oògùn eégbọn kan tí ọ̀pọ̀ ń fi wẹ ajá. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín lónìí ni kí ẹ yé há a mọ́lé lọ́sàn-án. Ẹ mú un rìn díẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, kó rí ìmọ́lẹ̀, kó gbóòórùn nǹkan, kó tọ̀ kó tó sùn. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sórí simẹ́ńtì fún un. Ẹ tan iná kékeré tó ń lo bátìrì síbi tó ń sùn, torí bí iná ọba bá lọ, tí ojú rẹ̀ sì ti ń funfun, ẹ̀rù á bà á. Ẹ má na án.

Ohun tí mo kọ yìí kì í ṣe àyẹ̀wò, n kò tíì fọwọ́ kan Bingo. Ẹ má fún un ní Valium lálẹ́ òní. (Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọdọ̀ já a lójijì, kó kọ́kọ́ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀.) Láti Àpẹtẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ lóru, bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbe ìtọ̀ àárọ̀ rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́. Ẹ kọ iye ọ̀rá omi tó mu sílẹ̀, kí ẹ sì mú páálí Valium yẹn dání kí wọ́n lè rí ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀.