Ayé Á Fọ Ara Rẹ̀ Mọ́, Àmọ́ Nígbà Wo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wo fídíò kan tó sọ pé nígbà ayé àwọn dáínósọ̀, gáàsì kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ (CO2, tó ń mú kí ayé gbóná) ju tòní lọ dáadáa, síbẹ̀ igi ń hù, ẹranko ń jẹ. Ó ní òkè ayọnáyèéfín ló ń tú u jáde jù, àti pé ayé mọ bó ṣe ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àmọ́ tó bá ti kan ọmọ iléèwé, mi ò lè dákẹ́. Ká tètè yanjú ti òkè ayọnáyèéfín: kí gbogbo wọn para pọ̀, gáàsì tí wọ́n ń tú jáde lọ́dún kò pé bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Èyí tó ń jáde látinú èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì ìdáná tí àwa ń jó ju bílíọ̀nù 35 tọ́ọ̀nù lọ. Irọ́ gbuu ni pé òkè ayọnáyèéfín ló ń tú u jáde jù.

Ti dáínósọ̀ kì í ṣe irọ́. Ayé gbóná nígbà yẹn, òkun sì bo ọ̀pọ̀ ibi tó jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ lónìí, èyí tí ẹni tó ṣe fídíò náà ò ní sọ. Pé ayé ń palẹ̀ mọ́, òótọ́ ni. Àkókò tó ń gbà ni wọ́n fi ń tan àwọn ọmọ jẹ.

Òjò á gbé díẹ̀ nínú gáàsì náà, á di omi tó kan fẹ́ẹ́rẹ́, á máa jẹ òkúta orí òkè díẹ̀díẹ̀. Odò á wọ́ ohun tó yọ́ lára òkúta lọ sínú òkun, àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ á fi ṣe ìkarahun. Tí wọ́n bá kú, ìkarahun wọn á ṣù jọ sísàlẹ̀, á di òkúta ẹfun, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Bó pẹ́ bó yá, ìsàlẹ̀ òkun á rì wọ abẹ́ ilẹ̀, ooru á sè é, òkè ayọnáyèéfín á sì tú gáàsì náà sílẹ̀ padà. Ẹ kán fínígà sórí òkúta ẹfun lójú àwọn ọmọ, wọ́n á rí i tó ń hó: gáàsì ọjọ́ pípẹ́ ló ń jáde yẹn. Ṣọ́ọ̀kì kíláàsì lè má hó, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe òkúta ẹfun mọ́. Fínígà ni mo wí o, kì í ṣe ásíìdì líle. Tí ẹ bá lo ásíìdì líle, ẹ má dárúkọ mi.

Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, kábọ́ọ̀nù rẹpẹtẹ ya wọ inú afẹ́fẹ́ láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan. Ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n 5 sí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná sí i, omi òkun kan sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tíńtìntín ìsàlẹ̀ òkun sì kú run. Ayé palẹ̀ ẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ju 100,000 ọdún lọ kó tó parí ẹ̀. Tiwa yìí tún yára jùyẹn lọ. Nínú yìnyín Áńtákítíkà, afẹ́fẹ́ àtijọ́ há sínú ihò kéékèèké. Fún 800,000 ọdún, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ti gáàsì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 300. Ó wà ní 280 kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé. Ó ti lé ní 420 báyìí.

Tí wọ́n bá béèrè nípa igi, ẹ ní kí wọ́n gbìn ín. Àmọ́ igi tó jóná tàbí tó jẹrà ti dá gáàsì tó gbà padà. Àwọn igi tó di èédú ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn, ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n ṣubú sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, wọn ò ráyè jẹrà. Gáàsì inú afẹ́fẹ́ wá dín kù nígbà náà, yìnyín ńlá sì bo ilẹ̀ ìhà gúúsù ayé. Àwọn igi yẹn gan-an là ń wa jáde tí à ń jó.