Èsì: Kíka ọjọ́ ìlú àròsọ
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá Date, irinṣẹ́ ọjọ́ àti àkókò tí ó wà nínú JavaScript (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), lè ka ọjọ́ fún ìlú àròsọ yín, níbi tí ọ̀sẹ̀ ti jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin bíi ti àwọn baba wa ní Èkìtì. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí kàlẹ́ńdà òyìnbó nìkan ni ó mọ̀, láti ọdún 1970 ni ó sì ti ń ṣírò. Ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ṣe òdo, kí ẹ sì fi nọ́ńbà lásán pa gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́: bí ọba bá wàjà ní ọjọ́ 7302, ẹ fi mẹ́rin pín in, èyí tó ṣẹ́ kù, ìyẹn 2, ni yóò sọ ọjọ́ ọjà tó bọ́ sí. Èyí tí àwọn àgbà ìlú kò bá mọ ọjọ́ rẹ̀ gan-an, ẹ fún un ní nọ́ńbà méjì, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin.