Ẹ Bi Wá Léèrè: Owó Bọ́ọ̀lù, Ibo Ló Ń Gbà?

Ẹ kú bí ọjọ́ ti ń lọ o. Ìwé yín lórí bọ́ọ̀lù pọ̀ lóṣù yìí, ohun kan náà lẹ sì ń béèrè lóríṣiríṣi ọ̀nà: owó inú bọ́ọ̀lù, ibo ló ń gbà wọlé, ibo ló ń gbà jáde, kí ló sì kan àwa ará Abẹ́òkúta níbẹ̀. Mo mú márùn-ún, ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní viewing centre lọ́nà Ọbáńtókò. Ọdọọdún ni owó sub tí mo fi ń wo tẹlifíṣàn ń lé sí i, epo jẹnẹrétọ̀ náà ń lé sí i, bí mo bá sì ní kí n fi díẹ̀ kún owó ìwọlé báyìí àwọn kọ́sítọ́mà mi á ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ta ló ń kó owó yìí lọ gan-an? — Oní-viewing centre, Ọbáńtókò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Owó yẹn kì í dúró sọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ san án fún. Láyé àtijọ́, owó ẹnu géètì ni àwọn kíláàbù England fi ń jẹun, débi pé títí di 1961 òfin wà níbẹ̀ pé agbábọ́ọ̀lù kankan ò gbọdọ̀ gbà ju 20 pọ́n-ùn lọ lọ́sẹ̀. Tẹlifíṣàn ló wá yí gbogbo ẹ̀ padà. Ní 1992, kíláàbù 22 tó wà lókè yapa kúrò lára àwọn yòókù, wọ́n dá Premier League, líìgì tó ga jù níbẹ̀, sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ta eré wọn fúnra wọn, àdéhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n bá Sky àti BBC ṣe, 304 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n pè é, fún ọdún márùn-ún gbáko, gbogbo wọn ló sì jọ máa pín in. Lónìí, kíláàbù tó ṣe ìkẹyìn pátápátá, tó já bọ́ sí líìgì ìsàlẹ̀, á gbà ju 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ ní sáà kan ṣoṣo.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin àtàwọn kọ́sítọ́mà yín ló ti ń wá. Wọ́n pín ayé sí àgbègbè àgbègbè, ẹni tó bá dá iye tó pọ̀ jù ló ń ra tibẹ̀. Tiwa níhìn-ín, SuperSport ti South Africa, tó ń gbé eré jáde lórí DStv, ló ń rà á, owó òkèèrè ni wọ́n sì fi ń rà á, torí náà nígbà tí náírà kúrò ní nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan ní 2023, tó fi kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sí bí ẹrù yẹn ò ṣe ní í já lé orí ẹni tó ń san sub. Ẹ rántí HiTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó bá DStv figagbága? 2007 ni wọ́n gba Premier League mọ́ DStv lọ́wọ́, gbogbo ìlú ń sáré ra dìkódà wọn, 2010 ni ẹ̀tọ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Dìkódà kọ́ là ń rà, eré yẹn là ń rà. Ojú tí gbogbo wa fi ń wò ó lọjà tí wọ́n ń tà fún àwọn oníbíà àti onífóònù tó ń polówó láàárín eré.

Ohun tí mo lè bá yín sọ rè é. Ẹ yẹ ètò tẹ́ ẹ ń san wò dáadáa, torí ti inú ilé yàtọ̀ sí ti ibi tí èèyàn ti ń sanwó wọlé, bí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́ wàhálà ni. Ẹ má fowó kún gbogbo eré, eré ńlá nìkan ni kẹ́ ẹ fi kún. Kẹ́ ẹ sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ yín àdúgbò jókòó, kí iye owó ìwọlé jẹ́ ọ̀kan náà, kọ́sítọ́mà ò wá ní í ríbi sá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi ọkùnrin ọdún 15 mọ bọ́ọ̀lù gbá, gbogbo Adátán ló mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tó ní ẹ́jẹ́ǹtì lòun ní òun ti bá a rí trial (ìdánwò ní kíláàbù) ní Portugal, kí n wá mílíọ̀nù méjì náírà wá fún físà àti ìwé. Ilẹ̀ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ nìkan ni mo ní tí mo lè tà. Ṣé kí n tà á? — Ìyá ọmọ, Adátán

Ìyá wa, ẹ má tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ìdáhùn yìí ló ká mi lára jù nínú gbogbo èyí tí mo kọ lóṣù yìí.

Àkọ́kọ́, òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ò gbà kí kíláàbù ilẹ̀ òkèèrè forúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀. Àwọn àyè kéékèèké kan wà o: bíi kí òbí ti kó lọ gbé ìlú yẹn nítorí nǹkan mìíràn tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù, tàbí kí ọmọ máa gbé lẹ́bàá bọ́dà, tàbí kí ó ti pé 16 kó sì máa lọ láti orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan sí òmíràn. Ọmọ ọdún 15 láti Adátán, tí ìyá ẹ̀ ṣì wà ní Adátán, ewo ló bá a mu níbẹ̀? Kódà bí trial yẹn bá jẹ́ òótọ́, tí ọmọ náà sì gbá a títí tí gbogbo wọn fi pàtẹ́wọ́, kíláàbù yẹn ò lè gbà á sílẹ̀. Kí wá ni mílíọ̀nù méjì fẹ́ ṣe?

Ìkejì, ẹ ní kó fi láísẹ́ǹsì ẹ̀ hàn yín. Láti 2023, ìdánwò ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ́jẹ́ǹtì ń ṣe lọ́dọ̀ FIFA, àwọn tó bá yege, orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA, ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí fóònù. Ẹ́jẹ́ǹtì gidi kì í jẹun lára ìyá ọmọ, nígbà tí àdéhùn bá ti wọlé ló ń gba ìdá tiẹ̀. Kò tiẹ̀ gbọdọ̀ bá ọmọdé ṣe àdéhùn láìsí ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù. FIFA ní òfin kan tó sọ pé bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti kíláàbù kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn ẹ̀ ò tíì tán, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn á lọ sọ́dọ̀ gbogbo ibi tó ti kọ́ bọ́ọ̀lù láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n ń ka ìdámẹ́rin ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kọ̀ọ̀kan, láti 16 lọ ó di ìlàjì ìdá kan lọ́dún. Ẹ wo Osimhen tó dàgbà sí Olúsósùn l'Ékòó. Ní 2025 Galatasaray san 75 mílíọ̀nù yúrò fún Napoli lórí ẹ̀. Ìdá 5 nínú ìyẹn lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ yúrò. Ibi tó bá tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan péré láàárín 16 sí 23, ìpín ẹ̀ á jẹ́ 375,000 yúrò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tó bá gbà lóòótọ́ pé ọmọ yín máa di ìràwọ̀, òun ló yẹ kó máa náwó lé e lórí, torí owó ńbẹ fún un níwájú. Ẹni tó ní kí ẹ ta ilẹ̀, ilẹ̀ yẹn gan-an lowó tó rí.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rè é. Ẹ lọ sọ́dọ̀ kóòṣì tó ń kọ́ ọ báyìí, kẹ́ ẹ bi í bóyá àkádẹ́mì ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, àti bóyá ó ti forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, nǹkan kékeré ló wà níbẹ̀: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ kíláàbù, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde. Látorí ìlà kékeré yẹn ni owó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń gbà sọ̀ kalẹ̀, láti 2022 sì ni FIFA ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Paris tó ń pín in. Àkádẹ́mì tí kò bá sí nínú ìwé ò ní í rí kọ́bọ̀. Kí ìwé ìbí àti NIN ọmọ bára mu, ọjọ́ kan náà, ọdún kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dín ọjọ́ orí kù. Kó sì ṣe WAEC ẹ̀ parí.

Bọ̀ọ́dá, ẹ bá mi dá sí i. Game 10 ni mo máa ń ṣe lórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́tì kan. Gbogbo ìgbà ṣá ni ẹyọ kan máa ń já mi, mẹ́sàn-án á wọlé, ẹyọ kan á bà á jẹ́. Ṣé àwọn oníbẹ́tì ń wò mí ni? — Gbogbo-ẹ̀-máa-wọlé, Pánṣẹ́kẹ́

Àbúrò mi, ẹnikẹ́ni ò wò ẹ́. Ìṣirò ni. Mú eré kan tí wọ́n fi Over (pé gọ́ọ̀lù á ju iye tí wọ́n dá lọ) sí 1.90, tí wọ́n fi Under (pé kò ní í tó o) náà sí 1.90. Fi 100 náírà sórí Over, fi 100 sórí Under. 200 ló jáde lápò ẹ, èyíkéyìí tó bá wọlé 190 lo máa gbà. Náírà mẹ́wàá ti lọ kí rẹfirí tó fọn fèrè. Bí wọn ò bá jẹ nǹkan kan níbẹ̀, 2.00 ló yẹ kí wọ́n fi sí.

Wá so mẹ́wàá irú ẹ̀ pọ̀ báyìí. Bí àǹfààní Over àti Under bá dọ́gba, gbogbo wọn máa wọlé lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 1,024. 1.90 tá a fi ara ẹ̀ sọ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́wàá á fún ẹ ní nǹkan bíi 613. Ìyẹn ni pé ohun tó yẹ kí wọ́n san ní 1,024, 613 ni wọ́n fẹ́ san, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni ìjẹ yẹn ń pọ̀ sí i. Ti mẹ́sàn-án tó wọlé tí ẹyọ kan já ẹ, ó rọrùn ní ìlọ́po mẹ́wàá ju kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọlé lọ, torí èyíkéyìí nínú mẹ́wàá ló lè jẹ́ ẹyọ tó máa já. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé o ti fẹ́ jẹ ẹ́ nígbà gbogbo. O ò fẹ́ jẹ ẹ́ rárá, àbúrò mi. Bí owó ilé tàbí owó oúnjẹ bá ti ń wọ̀ ọ́, sọ fún ẹnì kan nínú ẹbí, kó o sì ní kí wọ́n ti àkáǹtì ẹ pa. Àwọn kíláàbù Premier League pàápàá ti fẹnu kò ní 2023 pé láti sáà 2026 sí 2027 àwọn ò ní í gbé orúkọ oníbẹ́tì sí àyà jẹ́sì mọ́.

Kíláàbù wa Abiola Babes dà? Ìlú tó bí Ṣẹ́gun Odegbami ṣe wá dẹni tí ò ní kíláàbù tí gbogbo ayé mọ̀? — Bàbá àgbà, Ìtókò

Bàbá wa, ẹ kú àgbà. Kì í ṣe Odegbami nìkan o. Ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, tá a fi 3-0 na Algeria ní Sùúrùlérè, Odegbami jẹ méjì, Múdà Lawal jẹ ẹyọ kan. Ọmọ Abẹ́òkúta ni àwọn méjèèjì. Ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà, ọmọ Ẹ̀gbá ló jẹ gbogbo gọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn tán!

Abiola Babes gba Challenge Cup, ife bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní 1985, wọ́n tún gbà á ní 1987. Lápò MKO Abiola lowó ẹ̀ ti ń wá, ọwọ́ olówó náà sì là. Àmọ́ kíláàbù tí ẹnì kan ṣoṣo ń bọ́, ọjọ́ tí ọwọ́ ẹni yẹn bá kúrò níbẹ̀ ló tán. Leventis United Ìbàdàn náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gba líìgì ní 1986, kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u ká. Tìjọba náà ò sàn jù, kọmíṣọ́nnà yí padà, owó oṣù dúró. Ní England, owó tẹlifíṣàn, owó jẹ́sì, owó géètì, gbogbo ẹ̀ ló so pọ̀, olówó kan lè kú kí kíláàbù má kú.

Remo Stars Ìkẹ́nnẹ́ tó gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024 sí 2025 dùn mọ́ mi nínú gan-an, torí pé Kúnlé Ṣónáme tó ni wọ́n kọ́ pápá sí i, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀, nǹkan tó lè dúró nìyẹn. Àwa ńkọ́? Wọ́n tún pápá MKO ṣe ní Kútọ̀ fún Gateway Games ní oṣù karùn-ún 2025, ó rẹwà lójú. Eré ló kù kó máa wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀yin àgbà sì mú àwọn ọmọọmọ yín lọ síbẹ̀ dípò kí gbogbo wa máa fi Sátidé pariwo Arsenal.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB ni mí, mo fẹ́ máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí YouTube. Wọ́n ti yọ fídíò mi méjì torí gọ́ọ̀lù Premier League tí mo fi sí i. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọbìnrin oníbọ́ọ̀lù, Àlàbàtà

Àbúrò mi, o ṣe é re. Àwòrán yẹn ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ owó rà, wọn ò ní í jẹ́ kó o lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohùn ẹ nìkan ni kò sẹ́ni tó rà á. Fi ojú ara ẹ síwájú kámẹ́rà, fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò to àwọn agbábọ́ọ̀lù sórí tábìlì, ṣàlàyé bí gọ́ọ̀lù ṣe wọlé, àwọn èèyàn á wò ó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé eré tó ń lọ ní Kútọ̀ àti Àṣẹ́rò, bóyá la fi rí ẹni tó ń sọ ọ́ lédè wa lórí fóònù. Bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Àmọ́ lọ bá kóòṣì àtàwọn tó ṣètò eré náà kó o tó gbé fóònù sókè, gba àyè lọ́wọ́ wọn lórí ìwé, kó o sì má ya ojú ọmọdé láìjẹ́ pé òbí ẹ̀ gbà. Bí o bá ti ṣe àkọ́kọ́, fi línkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa níbí, a máa bá ẹ gbé e.