Ẹ má torí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ yan oxygenator

Àbúrò mi láti Ìgbógbó, ẹ béèrè èwo ni kí ẹ mú nínú membrane oxygenator méjì, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n gbé wá fún iṣẹ́ abẹ ọkàn, nígbà tí ìwé méjèèjì ní ọ́síjìn tí wọ́n ń fún ẹ̀jẹ̀ dọ́gba. Òótọ́ ni. Méjèèjì á sọ ẹ̀jẹ̀ dúdú di pupa. Ìyà tí ẹ̀jẹ̀ ń jẹ kó tó kọjá nínú wọn ni kí ẹ wò.

Ọdún kẹrin mi nídìí ẹ̀rọ tó ń dípò ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró nígbà iṣẹ́ abẹ ni ojú mi là sí i. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ìdájí ní Ìpákodò lọ síbi iṣẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. Gééjì ìfúnpá kan ṣoṣo la ní, ẹ̀yìn oxygenator la sì fi sí. Ohun tó ń kà dára, ẹ̀jẹ̀ ń jáde pupa fòò, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí mo ṣe wo àpò ìtọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ìtọ̀ ti pọ́n bíi sóbò. Mo fọwọ́ kan tíúbù tó ti pọ́ọ̀ǹpù wọ oxygenator, ó le koko bí igi. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí inú oxygenator, pọ́ọ̀ǹpù oníróólà kò sì mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, títì ló ń tì í, ẹ̀jẹ̀ sì ń fọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi oxygenator nìkan. ACT, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, ti wálẹ̀ sábẹ́ 480, n kò tètè yẹ̀ ẹ́ wò. A mú ara obìnrin tí à ń ṣiṣẹ́ abẹ fún tutù, a dá ẹ̀rọ dúró, a pààrọ̀ oxygenator. Ó yè, àmọ́ kíndìnrín rẹ̀ fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Mi ò lè gbàgbé.

Nítorí náà, gééjì níwájú, gééjì lẹ́yìn. Ẹ fi oxygenator méjèèjì wéra ní ìṣàn kan náà, ká ní lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ìgbóná ara àti PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) tó bára mu, torí ẹ̀jẹ̀ tútù máa ń ki. Èyí tí ìfúnpá iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò jìnnà síra ni kí ẹ mú. Ti yíyọ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kò le, ẹ yí gáàsì sókè.

Kí ẹ tún béèrè iye omi tí oxygenator kọ̀ọ̀kan ń gbà kó tó kún. Èyí ló ká mi lára jù, torí ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ni kò lẹ́ran lára, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì tó. Ẹni tó wúwo kílò 40 ní ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 2.6. Bí PCV rẹ̀ bá jẹ́ 30, tí omi inú ẹ̀rọ jẹ́ lítà 1.5, omi á pò mọ́ ẹ̀jẹ̀, PCV á di 19. Bó bá jẹ́ lítà 1, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22. Ìyàtọ̀ yẹn tó páìntì ẹ̀jẹ̀ kan tí àwọn ẹbí á máa sáré wá kiri lóru. Bí ọ̀gá yín bá ní èyí tó ń gba omi díẹ̀ ti wọ́n jù, ẹ ṣírò owó páìntì kan síwájú wọn.